Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ìyá Aláró Kọ

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyá ìyá mi, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti ka Kùránì tán, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ rere láti sọ nípa olóògbé dìde. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní Ìyá Aláró ló kọ́ òun ní aró rírẹ, pé òun ò rí olóòótọ́ ènìyàn bíi tirẹ̀ rí, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló parọ́ láyé, ìjọba ló sì pa á fún. Ó wá ròyìn bí Ìyá ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé tísà ni òun tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n lè jẹ́ kó máa kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ ní gbọ̀ngàn tó wà ní Ìbarà. Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ fi etí ìborùn nu ojú.

Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ìyá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n kà á sí i létí lójú àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, ó tún tì mí níbi fídáù, ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbí dé ikú. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rábíátù Àdùkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè Rábíátù ní Ìjẹmọ̀, wọ́n á ní èwo. Ìyá Aláró ni gbogbo ayé mọ̀. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, kì í sáré rìn, kì í sì í sáré sọ̀rọ̀. Láti ọmọ ìka dé ìgúnpá, ọwọ́ rẹ̀ dú fún aró débi pé ọṣẹ kankan ò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan dé sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa nígbà kan, ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rí báyìí, àlùwàlá rẹ̀ ò lè pé. Ìyá bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kó ṣàn dànù níṣojú rẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, àwọ̀ ni, kì í ṣe èérí." Àlùfáà náà lọ bi àwọn àgbà léèrè, kò sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ pé kì í parọ́. Kì í wàásù nípa rẹ̀ o. Ó kàn jẹ́ pé òótọ́ tirẹ̀ máa ń ni ènìyàn lára. Obìnrin kan wá láti Ṣàgámù ra aṣọ mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ó san owó, ó lọ. Nígbà tí Ìyá ń kó ìyókù, ó rántí pé ọ̀kan nínú aṣọ yẹn kò mu aró dáadáa létí kan. Ó mú ìborùn, èmi lẹ́yìn rẹ̀, ó di ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá. A bá obìnrin náà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Ìyá ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ó ti ojú ferese tú aṣọ náà, ó fi ibi tí kò dú hàn án. Àwọn èrò ọkọ̀ ń kùn. Obìnrin náà ní òun ò tilẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ní, "Ìwọ ò rí i, èmi ti rí i." Ó gba aṣọ yẹn padà, ó sì fi òmíràn tó ti mú dání rọ́pò. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo rò pé gbogbo ìyá àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjà rẹ̀ ò pọ̀, ọ̀kan wà tí kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá dé ìdí ìkòkò aró gbọ́dọ̀ kí aláró bí wọ́n ṣe ń kí i: "Àrẹ̀dú o." Bí o bá ní ẹ káàsán, kò gbọ́. Bí o bá ní ẹ kúuṣẹ́, á wò ọ́, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gómìnà ì bá dé, bí kò bá kí i bẹ́ẹ̀, á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní ìkíni yẹn àdúrà ni, pé aró tí a ò ṣàdúrà fún ò ní ìdí tí yóò fi dú. Mo ti mọ̀ ọ́n kí láti kékeré. Àmọ́ nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bí mo bá ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé kí n má baà kí i létí wọn. Ìtìjú tèmi kò bẹ̀rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò tí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, aṣọ kàǹpálà ti gba ọjà. Aró òyìnbó tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná, tó ń yọ ní wákàtí kan, ta ló tún fẹ́ dúró de ewé ẹlú tí à ń rẹ fún ọjọ́ púpọ̀? Nínú ìkòkò mẹ́fà tó wà lẹ́yìnkùlé, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá kò ráhùn. Ó kàn ń jókòó pẹ́ lẹ́yìn àdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló wá ra aṣọ lọ́jọ́ kan, tó jókòó tì í láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún un pé gbọ̀ngàn kan wà ní Ìbarà tí àwọn ará ìlú ti ń gbafẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà, àwọn kan ń kọ́ kéèkì, àwọn ọkùnrin ń gbá tẹníìsì orí tábìlì. Ó ní àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Kálukú ló ń mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá, tó ń wá àwọn tí yóò kọ́ fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà kàn ń fún wọn láàyè àti àkókò ni. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ènìyàn kọ. Ìyá ní kó tún un sọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, ó pè mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní mo lè di tísà láì jẹ́ ọmọọṣẹ́ ẹnikẹ́ni."

Ẹ wo bó ṣe múra. Ó gé aṣọ funfun wẹ́wẹ́, ó fi okùn ìko so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ó rẹ wọ́n, ó tú wọn, ó sá wọn sórí okùn kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè fi ojú yàn. Ó wá mú mi jókòó lórí àpótí, ó ń kọ́ mi bí ẹni pé a pé ogún níbẹ̀. Bí mo bá so ó tí kò dára, kò ní bínú, kò sì ní ṣàlàyé. Á tú u, á tẹ́ aṣọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, á ní, "Tún un so." Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ nìyẹn títí ó fi kú. Bó ṣe ń kọ́ mi, ojú mi wà lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí má baà kọjá.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo sì gbọ́ òyìnbó nílé. Mo wà ní kíláàsì kẹrin girama. Ìyá jókòó, ó káwọ́ lé orúnkún, ó ń sọ ohun tí n ó kọ. Ó ní, "Kọ ọ́ pé mi ò lọ síléèwé. Kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, pé ìyá mi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, pé mi ò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí."

Mi ò kọ ọ́. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ni bàbá Fúnkẹ́, ọmọ tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì. Àwọn bàbá àgbà àwọn Fúnkẹ́, tí kì í bá ṣe tísà, á jẹ́ katikíìsì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí Fúnkẹ́ bi mí pé iṣẹ́ wo ni ìyá mi àgbà ń ṣe, mo ní tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo wá rí i pé fọ́ọ̀mù yìí ń lọ sórí tábìlì bàbá rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìwé tó kà, mo kọ Sítáńdáàdì Síìsì. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ tó ti ṣe rí, mo kọ tísà. Ìyá ń wo bíró mi bó ṣe ń lọ, ó ń mi orí, ó rò pé ohun tóun sọ ni. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pé tòun ò tilẹ̀ nílò yíǹkì. Mo ní wọn ò gba ìka níbẹ̀, pé èmi á bá a kọ orúkọ. Mo kọ ọ́ ní ìkọ̀wé àwọn àgbà, mo fa ìrù gígùn sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ṣàdúrà pé ọwọ́ tí mo fi kọ ọ́ kò ní gbẹ.

Wọ́n gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ni wọ́n fún un, lábẹ́ ìbòòrùn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Obìnrin mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ wá: nọ́ọ̀sì yẹn, tísà méjì, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ mélòó kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Ìyá gbé aró tó ti tó lò sínú ìkòkò kékeré, a fi takisí gbé e láti Ìjẹmọ̀, ọ̀nà kún fún kòtò. Aró kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó jáde bí omi ìfọṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n bu aró òyìnbó díẹ̀ sí i kí ọjọ́ má baà lọ lásán, pé òun ní in nínú báàgì. Ìyá ní rárá. Ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Aró yìí ti kú, èmi ni mo pa á. Bí aró bá kú, ẹni tó pa á ni kó sọ." Ó ní kí wọ́n padà wá. Láti ọjọ́ náà ó gbé ìkòkò méjì lọ síbẹ̀, ó pò wọ́n níbẹ̀, kò sì tún gbé wọn kúrò mọ́. Gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló padà wá.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́rìndínlógún. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í yìn wọ́n. Bó bá ti sẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń po aró, á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á mọ̀ bóyá ó ti tó. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ á pariwo, lẹ́yìn náà àwọn náà á tọ́ ọ wò. Akọ̀wé báǹkì kan tó ń gbá tẹníìsì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ gba ojú ferese, ó bọ́ sínú ìkòkò aró. Ó sáré jáde, ó ní, "Sọ́rì ma." Ìyá fi igi yọ bọ́ọ̀lù náà, ó ti dú, ó fi há ìbàdí ìró rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí. Nọ́ọ̀sì ló sọ ìkíni tó yẹ kó kí Ìyá sí i létí. Nígbà tó ní, "Àrẹ̀dú o, Ìyá," ó gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń kí i lójoojúmọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ti iléèwé lọ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí, mò ń ya ìko. Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọ́fíìsì, bàbá Fúnkẹ́, wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ fún Ìyá ti pé. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ó kí gbogbo wa, ó ní kíláàsì Màmá ló ń wuni jù ní gbọ̀ngàn náà, pé ọ́fíìsì fẹ́ fi ọdún kan kún un. Ó ní kí Ìyá bá òun kọ ìlà méjì nípa bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kó sì fọwọ́ sí i, pé fún tísà bíi Màmá, èyí ò le.

Ìyá ní òun ò mọ̀wé kọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó sì kà á ní Yorùbá: pé Màmá ka Sítáńdáàdì Síìsì, pé Màmá ti ṣe tísà rí, pé orúkọ Màmá tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyí. Ìyá yí orí, ó wá mi títí ó fi rí mi. Ojú rẹ̀ kò pẹ́ lórí mi. Mo tẹ orí sórí ìko, mò ń yà á.

Ó kọjú sí ọ̀gá, ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní akọ̀wé kan tó ń báni kọ lẹ́tà ní Láfẹ́nwá ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà ò le, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ní, "Màmá, ta ló bi yín léèrè ìwé? Iṣẹ́ ọwọ́ la ní kí ẹ wá kọ́ wọn. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò kàwé, à bá gbà yín náà. Irọ́ inú ìwé yìí ni mi ò lè gbójú fò." Ìyá, tó lè bí i lọ́mọ, ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Mi ò gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn rí. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín èmi àti wọn. Mo lè dìde. Ohun tí mò ń rò lọ́kàn ni pé Fúnkẹ́ á gbọ́ nílé.

Ibẹ̀ ni kíláàsì náà parí sí. A fi àwọn ìkòkò sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìjẹmọ̀. Mò ń retí kó gbá mi létí. Ì bá dára kó gbá mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká délé ló dúró, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo máa ń dójú tì ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa."

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú, kò sì sọ fún ìyá mi. Kò tó oṣù kan tí nọ́ọ̀sì àti àwọn márùn-ún mìíràn fi wá bá a nílé. Wọ́n tún ìkòkò mẹ́rin tó ti gbẹ dá sílẹ̀, ó ń kọ́ wọn lẹ́yìnkùlé láìsí fọ́ọ̀mù, láìsí ọ́fíìsì, ó sì kọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Láàárín wọn, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù di àwàdà: Ìyá wa tó rẹ́ ìjọba jẹ. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Orúkọ rere tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú, ó jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣeré, nítorí mi.

Lẹ́yìn náà mo lọ kọ́ṣẹ́ tísà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí mo bá mú àwọn ọ̀rẹ́ mi wálé, tí Ìyá bá ti gbọ́ ohùn wa lójú ọ̀nà, á mú ìborùn, á ní òun fẹ́ lọ wo Ìyá Rísì nílé kejì, pé ara rẹ̀ ò yá. Mo gbà á gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ ti jinná, mo bu tirẹ̀, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá Rísì wà níta, ara rẹ̀ le koko, ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ìyá mi àgbà dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ṣe nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti lọ?"

Mo ní wọn ò tíì lọ. Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi.